Lẹ́yìn Tí Wọ́n Bá Gbin Irun Tán: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Bí Orí Ṣe Ń Jinná

Láti ìgbà tí mo ti gbin irun ní Istanbul ni àwọn èèyàn ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà, àwọn tó fẹ́ lọ àti àwọn tó ti lọ dé. Mo kó wọn jọ síbí. Bí ohun tí dókítà tó ṣe iṣẹ́ fún yín sọ bá yàtọ̀ sí tèmi, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, torí òun ló rí orí yín.

Ibo gan-an ni egbò máa ń wà?

Ojú méjì ni. Ẹ̀yìn orí àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ irun. Iwájú tàbí àárín orí ni wọ́n ń gbìn ín sí. Ohun tí wọ́n ń kó láti ẹ̀yìn wá síwájú ni wọ́n ń pè ní graft: irun kan sí mẹ́rin tó hù pọ̀ lójú kan, pẹ̀lú gbòǹgbò wọn.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà yọ ọ́, FUE àti FUT. Bó bá jẹ́ FUE ni wọ́n ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ ọ́, pẹ̀lú irinṣẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kì í sábà ju mìlímítà kan lọ. Ihò wẹ́wẹ́ ló máa kù, wọn kì í rán an. Bó bá jẹ́ FUT, wọ́n á gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn orí, wọ́n á sì rán ojú ibẹ̀ pọ̀. Láàárín ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n sábà máa ń tú òwú rẹ̀. Ẹ mọ èyí tí wọ́n ṣe fún yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ mélòó ló fi ń jinná?

Ihò ẹ̀yìn orí máa ń pa dé láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Èépá iwájú máa ń bọ́ tán láàárín ọjọ́ 7 sí 14. Ṣùgbọ́n ojú awọ nìkan nìyẹn. Abẹ́ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, irun náà sì máa gbà tó ọdún kan gbáko.

Ṣé ó máa ń dunni púpọ̀?

Alẹ́ àkọ́kọ́ àti ìkejì ló le jù, lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pa orí kú bá ti lọ. Ẹ̀yìn ló sì máa ń dunni ju iwájú lọ, pàápàá fún ẹni tí wọ́n rán. Parasitámọ́ọ̀lù ń tó ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ má lọ ra ibuprofen tàbí aspirin ní kẹ́míìsì fúnra yín ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, torí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa sun. Ẹni tó ń lo aspirin nítorí ọkàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró láìbi dókítà rẹ̀.

Báwo ni kí n ṣe máa sùn?

Ẹ̀yìn ni kí ẹ fi lélẹ̀, kí orí ga, fún bí ọjọ́ 5 sí 7. Ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta, pẹ̀lú ìrọ̀rí ọrùn tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń lò nínú ọkọ̀ òfurufú, kí iwájú orí má baà kan nǹkan kan. Ẹ tẹ́ tówẹ̀lì àtijọ́ sórí ìrọ̀rí. Ẹ máa rí àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú lára rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi egbò tó pò mọ́ ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni. Kì í ṣe pé irun ti tú.

Iwájú orí mi ti wú, ó ti ń sọ̀kalẹ̀ sójú. Ṣé nǹkan ti bàjẹ́ ni?

Rárá. Omi oògùn tí wọ́n fún sínú awọ orí ló ń wálẹ̀. Ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ló máa ń pọ̀ jù, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Mo jí lọ́jọ́ kẹrin, ojú òsì mi ò ṣí dáadáa, ìyàwó mi sì fẹ́ bú sẹ́kún. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹfà, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ gbórí sókè, ẹ máa mu omi, ẹ fi nǹkan tútù lé ojú tàbí ìpéǹpéjú, kì í ṣe orí ibi tí wọ́n gbìn. Wíwú tó bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tó gbóná, tó sì ń dunni, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Ẹ wo ìdáhùn àmì ewu nísàlẹ̀.

Ìgbà wo ni mo lè fọ orí, báwo ni mo sì ṣe máa fọ̀ ọ́?

Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló máa ń fọ ti àkọ́kọ́ fúnra wọn, lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta. Ẹ wo ọwọ́ wọn dáadáa, kódà ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ fi fóònù ká a. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni.

Ẹ kọ́kọ́ fi ìpara tàbí fóòmù tí wọ́n fún yín rin èépá náà, kó wà níbẹ̀ bí ogún ìṣẹ́jú sí ààbọ̀ wákàtí. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ ó fi ṣàn án. Níbí yìí, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ife tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà dára ju ṣáwà lọ, torí omi ṣáwà lágbára. Ẹ bu omi, ẹ jẹ́ kó máa ṣàn wálẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ẹ ho ṣáńpù ní àtẹ́lẹwọ́, ẹ gbé ìfófòó rẹ̀ lé orí, ẹ má fi ọwọ́ ra á. Bó bá jẹ́ omi kànga lẹ ń lò nílé, ẹ sè é kó tutù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn orí ò nílò ìṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lè fi ìka fọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Ẹ má fi tówẹ̀lì nu iwájú. Ẹ fi tíṣù tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, tàbí kí ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́. Ẹ má lo ẹ̀rọ ìgbẹrun tó gbóná.

Èépá ń bọ́ pẹ̀lú irun. Ṣé graft ló ń jáde yẹn?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí jù. Ọjọ́ kẹwàá, mo wà nílé ìwẹ̀, èépá kan bọ́ sórí ìka mi, ó fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ẹja kékeré, irun kan ṣoṣo sì dúró láàárín rẹ̀. Mo gbé e sábẹ́ iná. Kókó funfun kékeré wà nídìí irun náà, ó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Kò sí ẹran lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ojú ibi tó ti bọ́ kò ṣẹ̀jẹ̀. Irun nìkan ló jáde. Gbòǹgbò tó ń mú irun hù ṣì wà nínú awọ.

Graft tó bá jáde ní ti gidi máa ń ní ẹran rírọ̀ lára, ojú ibẹ̀ á sì ṣẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀, bí èèyàn bá forí gbá nǹkan tàbí tó ha á. Lẹ́yìn ọjọ́ 9 tàbí 10, gbòǹgbò ti mú ilẹ̀. Láti ìgbà náà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí ìka yí i jẹ́jẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń fọ orí, kí èépá tó kù lè tán ní bí ọjọ́ 14. Ẹ má fi èékánná ṣí i.

Orí ń yún mi, ibòmíì sì kú, n kò mọ̀ ọ́n lára.

Yíyún jẹ́ ara jíjinná. Omi iyọ̀ inú ìgò afọ́nká tí wọ́n fún yín máa ń rọ̀ ọ́; bó bá le, ẹ bi dókítà nípa oògùn ara yíyún. Ẹ má họ ọ́. Kíkú náà wá nítorí àwọn iṣan tín-ín-tín tí wọ́n gé. Ó lè pẹ́ tó oṣù díẹ̀ kó tó padà, bó bá sì ń padà, ó lè máa ta ṣíọ́ṣíọ́.

Ṣé mo lè fi òrí, àdí àgbọn tàbí omi àlùbọ́sà pa á?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹni yòówù kó júwe rẹ̀ fún yín. Ihò tó ṣí sílẹ̀ ló wà lórí yín, ó lè ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ. Omi àlùbọ́sà máa ń ta awọ ara tó jinná, áńbọ̀tórí egbò. Òrí tí wọ́n bù nínú igbá ọjà kò mọ́ tó ohun tó yẹ kó kan egbò. Lẹ́yìn oṣù kan, tí awọ ti pa dé, òrí díẹ̀ ò burú fún awọ tó gbẹ, pàápàá lásìkò ọyẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló máa mú irun hù.

Fìlà, gèlè, akoto ọ̀kadà ńkọ́? Ẹrù orí ńkọ́?

Fìlà tó fẹ̀, tí kò kan iwájú, lè ṣeé dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan bí dókítà bá gbà. Fìlà tó fún mọ́rí, ẹ jẹ́ kó kọjá ọjọ́ 10. Gèlè tí wọ́n fà le ní iwájú, àti akoto, ẹ fún un ní oṣù kan. Ẹ wọ mọ́tò títí dìgbà náà. Ẹ má gbé ẹrù sórí fún oṣù kan ó kéré tán. Ẹ̀wù oníbọ́tìnnì ni kí ẹ máa wọ̀, kì í ṣe búbá tí wọ́n ń bọ̀ lórí.

Oòrùn náà wà níbẹ̀. Oòrùn ọ̀sán lórí awọ tuntun máa ń mú kí ibẹ̀ dúdú ju ibi tó kù lọ, ó sì máa ń pẹ́ kó tó lọ. Fún oṣù mẹ́ta, ẹ dé fìlà tó fẹ̀ tàbí kí ẹ gbé agbòòrùn.

Mo ní láti dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, mo sì ń kírun. Kí ni kí n ṣe?

Bí orí bá dorí kodò, ẹ̀jẹ̀ á wá síbẹ̀, wíwú á sì pọ̀. Iwájú tí wọ́n gbìn sì lè kan ilẹ̀ tàbí ẹní. Fún ọjọ́ 10, ẹ kí àgbà lórí ìdúró kí ẹ sì sọ pé ọwọ́ dókítà ni orí yín wà. N kò tíì rí bàbá kan tó gbọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò sọ pé, "Ó tó, ọmọ mi, Ọlọ́run á wò ọ́ sàn." Ẹni tó ń kírun lè jókòó kó fi orí ṣe àpẹẹrẹ, ẹ̀sìn gba aláìsàn láàyè bẹ́ẹ̀. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ààfáà yín bí ọkàn yín kò bá balẹ̀.

Iṣẹ́, eré ìdárayá, ìbálòpọ̀, ọtí, sìgá?

Iṣẹ́ ọ́fíìsì, ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan. Iṣẹ́ agbára àti jíìmù, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ìbálòpọ̀, bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìwẹ̀ odò tàbí púùlù, oṣù kan. Ọtí, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má sì pa á pọ̀ mọ́ oògùn.

Sìgá ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ó máa ń fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ni graft tuntun fi ń wà láàyè. Ẹ fi í sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ má sì tún fọwọ́ kàn án fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ó kéré tán. Ṣíṣà náà wà níbẹ̀.

Ìgbà wo ni mo lè wọ ọkọ̀ òfurufú padà sílé?

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kúrò ní Istanbul lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́. Bí wákàtí 7 ni sí Èkó. Ibi ẹrù òkè orí nínú ọkọ̀ ló léwu jù: ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ìṣísílẹ̀, ẹni tó ń dìde lójijì á fi iwájú orí gbá a. Ẹ bẹ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kí wọ́n bá yín gbé báàgì sókè, kí ẹ sì dúró kí èrò dín kù kí ẹ tó dìde. Oògùn yín, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, gbogbo irun tí wọ́n gbìn ti bọ́ tán! Ṣé owó mi ti wọgbó?

Kò wọgbó. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 6, irun tí wọ́n gbìn sábà máa ń bọ́, nígbà míì gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ti tú èèhù ata lọ gbìn síbòmíì rí mọ̀ pé ewé rẹ̀ á kọ́kọ́ rọ, òmíràn á já bọ́, kó tó di pé gbòǹgbò mọ ilẹ̀ tuntun, tó sì rú ewé míì. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Wọ́n gé ẹ̀jẹ̀ mọ́ gbòǹgbò náà fún wákàtí díẹ̀, ó bẹ̀rù, ó sinmi.

Irun tiyín tó wà láyìíká ibẹ̀ náà lè bọ́ díẹ̀, tàbí ti ẹ̀yìn orí. Èyí tó lágbára máa ń padà. Èyí tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè má padà.

Oṣù méjì yìí ló burú jù lọ́kàn, mo mọ̀ ọ́n. Dígí á fi hàn yín pé orí yín burú ju bó ṣe wà kí ẹ tó lọ. Ẹ má ra oògùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀, ẹ má sì lọ gbin òmíràn.

Ìgbà wo gan-an ni irun á yọ, ìgbà wo ni mo sì lè gé e?

Oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ni àkọ́kọ́ máa ń yọ, wínníwínní, kò ní dọ́gba. Ní oṣù kẹfà, ẹlòmíì á ti rí ìyàtọ̀. Ọdún kan ni kí ẹ fi ṣe ìdájọ́. Àárín orí lè tó oṣù 18.

Onígbàjámọ̀ lè fi sísọ́ọ̀sì gé e lẹ́yìn oṣù kan. Kílípà lórí ibi tí wọ́n gbìn, ẹ jẹ́ kó tó oṣù mẹ́ta. Abẹ, oṣù mẹ́fà. Ẹ mú kílípà tiyín lọ.

Irorẹ́ ń yọ níbi tí wọ́n gbìn ní oṣù kẹta.

Irun tuntun tó ń wá ojú ọ̀nà lábẹ́ awọ ló sábà máa ń fà á, pàápàá irun tiwa tó ń ká. Aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bó bá pọ̀, tó ní ọyún, tó sì ń tàn ká, ẹ lọ rí dókítà.

Àwọn àmì wo ni kí n má fi dúró di ọ̀la?

Ọyún tàbí òórùn. Ara gbígbóná tó kọjá 38°C. Ẹ̀jẹ̀ tí kò dá lẹ́yìn tí ẹ ti fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Ìrora tó ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta dípò kó dín kù. Ibi tó di eérú tàbí dúdú kirikiri lójú kan, tí kò rọ̀ bí ẹ ti ń fọ̀ ọ́: èépá máa ń rọ̀, awọ tó kú kì í rọ̀.

Ìwé tí wọ́n fún mi sọ pé kí n máa wo "pípọ́n." Lára awọ tó dúdú, pípọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, ó lè dà bí àwọ̀ àlùkò tàbí kí ibẹ̀ kàn dúdú sí i. Nítorí náà ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ tó mọ́ kan etí ibẹ̀: ṣé ó gbóná ju ibi tó kù lọ, ṣé ó le, ṣé ó ń dunni?

Ẹ jọ̀ọ́, bí ibà bá mú yín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má fi oògùn ibà lásán lé e. Ẹ ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ sì fi orí han ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ dúró rárá.

Ara mi máa ń ní kélọ́ìdì, àpá tó máa ń wú. Kí ni kí n ṣe?

Kí ẹ tó lọ ló yẹ kí ẹ béèrè, àwọn tó ń ta iṣẹ́ yìí lórí WhatsApp kì í sì í bi yín. Bí ojú ibi tí wọ́n lu etí yín, ibi abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí àpá iṣẹ́ abẹ bá ti wú rí, tàbí ti bàbá tàbí ìyá yín, ẹ sọ ọ́. Dókítà tó mọ iṣẹ́ lè gbin díẹ̀ péré, kó dúró fún oṣù mélòó kan, kó wo bí awọ ṣe ṣe. Ó sì lè sọ pé kí ẹ má ṣe é. Ẹni tó ní bọ́ǹpù tó wú lẹ́yìn ọrùn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n yọ irun níbẹ̀ nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Bẹ́ẹ bá ti ṣe é: àpá lásán máa ń rọ̀ bí oṣù ti ń lọ. Kélọ́ìdì máa ń le sí i, ó máa ń yún, ó sì máa ń kọjá ààlà egbò àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ bá ti rí i pé ó ń gbéra, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Abẹ́rẹ́ stẹ́rọ́ìdì nígbà tó ṣì kéré máa ń ṣe iṣẹ́ ju ìgbà tó bá ti di kókó lọ.

Tótòtó funfun wà lẹ́yìn orí mi bí mo bá gé e kúrú.

Ojú ihò FUE ni. Awọ tó jinná níbẹ̀ kò ní dúdú tó èyí tó yí i ká, ó sì máa ń hàn lára awa tó dúdú ju àwọn ẹlẹ́yinjú búlúù lọ. Ó lè dín kù, kò dájú pé á lọ pátápátá. Ẹ jẹ́ kí irun gùn díẹ̀ síi. Bí wọ́n bá ti yọ jù lójú kan, ẹ̀yìn orí á dà bí aṣọ tí kòkòrò jẹ. Irun tiwa ń ká lábẹ́ awọ náà. Ẹni tó bá ti irinṣẹ́ wọlé ní tààrà á gé gbòǹgbò, á sì tún máa wá òmíràn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ ní kí wọ́n fi orí àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti ṣe hàn yín.

Obìnrin ni mí, irun dídì ló jẹ irun iwájú mi. Ìgbà wo ni mo tún lè dirun?

Dídì tó fà, wíìfù-ọ́ọ̀nù àti gọ́ọ̀mù wíìgì ló lé irun yẹn sẹ́yìn, á sì tún lé tuntun. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́fà ó kéré tán, ọdún kan ló dára jù, kí ẹ sì jẹ́ kó dẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá padà sí i. Gọ́ọ̀mù ní iwájú, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Bó bá jẹ́ àárín orí ló ń pá, tó ń jó, tó sì ń yún, ó lè jẹ́ àìsàn awọ tó ń pa gbòǹgbò irun run. Dókítà lè gé awọ bíńtín láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí àìsàn náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́, á jẹ èyí tí wọ́n gbìn náà.

Ṣé mo ṣì ní láti lo oògùn irun bíi minoxidil tàbí finasteride?

Irun tí wọ́n gbìn wá láti ẹ̀yìn orí, ó sì sábà máa ń dúró. Irun tiyín tó wà láàárín rẹ̀ ṣì ń bọ́ lọ, òun ni oògùn wà fún. Ẹ má da minoxidil sórí egbò; dókítà á sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀, ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni minoxidil tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹni tó ní àìsàn ọkàn gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Finasteride, ọkùnrin ni. Aboyún kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan hóró rẹ̀ tó bá fọ́, torí ó lè ṣe ọmọ ọkùnrin inú rẹ̀ ní jàǹbá. Ó lè dín ìfẹ́ ìbálòpọ̀ kù fún àwọn kan. Ohun kan sì wà tí àwọn bàbá kì í mọ̀: ó máa ń dín nọ́ńbà PSA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ prostate, kù ní bí ìdajì. Bí wọ́n bá ń ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ prostate fún yín, ẹ sọ pé ẹ ń lò ó, kí wọ́n má baà rí nọ́ńbà kékeré kí wọ́n ní kò sí nǹkan.

Ilé ìwòsàn tó ṣe é kò dáhùn mọ́. Ta ni kí n lọ bá nílé?

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ní oṣù kejì, ìpè mi kò rí ẹni gbé e mọ́. Dókítà awọ ara ni kí ẹ wá, ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ bíi UCH n'Íbàdàn tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè rí GP rẹ̀, ìyẹn dókítà àdúgbò rẹ̀, tàbí kó pe nọ́ńbà ìlera 111: NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, kì í sábà sanwó irun gbígbìn, ṣùgbọ́n wọ́n ń tọ́jú egbò tó ti kó àrùn.

Kí ojú má tì yín láti sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe. Ẹ mú ìwé tó sọ iye graft, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é àti orúkọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ lò lọ. Ẹ máa ya fọ́tò orí yín lójoojúmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kan náà, ní wákàtí kan náà, kí ẹ sì mú un dání. Fọ́tò tèmi ni dókítà kọ́kọ́ béèrè, kó tó sọ pé kí n ṣí fìlà.